Ìjàpá Odò ti Erékùṣù Mahé: Ìtàn Orúkọ Kan tí Kò Ní Ẹni tí Ń Jẹ́ Ẹ



"Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ." Àwọn baba wa ni wọ́n fi òwe yìí sílẹ̀ fún wa, kì í sì í ṣe nítorí ọmọ ènìyàn nìkan ni ó ṣe wúlò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fún ohun kan ní orúkọ ti gbé ẹrù lé ara rẹ̀ lórí. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun mọ ibi tí nǹkan náà ti wá, pé òun mọ àwọn ìbátan rẹ̀, àti pé òun mọ ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára wọn. Bí ó bá wo ilé dáradára, orúkọ náà yóò dúró. Bí kò bá rí ilé náà dáradára, orúkọ lè wà nínú ìwé kí ẹni tí ń jẹ́ ẹ má sí ní ayé.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní ọdún 1906, ọ̀mọ̀wé kan fi orúkọ fún ìjàpá odò kan tí gbogbo ènìyàn gbà pé erékùṣù Mahé, láàrin Òkun Íńdíà, ni ilé rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà a wá ìjàpá yìí kiri, a kò rí i. A sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ẹ̀dá tí ó ti run kúrò láyé. Ní ọdún 2013 ni ó wá hàn gbangba pé ìjàpá náà kò run rárá, nítorí pé irú rẹ̀ kò fi ìgbà kan wà ní ọ̀tọ̀. Ẹ̀dá tí a ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní Mahé ń bẹ láàyè nínú odò àti àbàtà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan ilẹ̀ tiwa.

Ìtàn ẹranko ni èyí, ṣùgbọ́n ìtàn ènìyàn ni pẹ̀lú: bí a ti ń kọ nǹkan sílẹ̀, bí a ti ń gba ohun tí a kọ gbọ́, bí a ti ń tún un kọ láti ìwé dé ìwé, àti bí a ti ń padà rí òtítọ́. Nítorí náà ni a fi rò pé ó yẹ fún etí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn.

I. Bí a ti ń fi orúkọ fún ẹ̀dá

Ọ̀mọ̀wé Carl Linnaeus, ará Sweden, ni ó fi ọ̀nà tí a ń gbà sọ ẹ̀dá lórúkọ lélẹ̀. Ìtẹ̀jáde kẹwàá ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Systema Naturae, tí ó jáde ní ọdún 1758, ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ orúkọ gbogbo ẹranko títí di òní. Orúkọ méjì ni ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Èkínní dàbí orúkọ agbo-ilé, tí gbogbo àwọn tí ó jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́ jọ ń jẹ́. Èkejì dàbí orúkọ àbísọ, tí ó jẹ́ ti ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú agbo-ilé náà. Bí ẹ̀yà kan bá sì ní ẹ̀ka tí ó yàtọ̀ díẹ̀ nítorí ibi tí ó ń gbé, a máa ń fi orúkọ kẹta kún un fún ẹ̀ka náà.

Òfin méjì ni ó di àwọn orúkọ wọ̀nyí mú, ó sì yẹ kí a fi wọ́n sọ́kàn, nítorí pé àwọn ni yóò dá ẹjọ́ wa níkẹyìn. Òfin kìíní ni pé bí ènìyàn méjì bá fún ẹ̀yà kan náà ní orúkọ méjì, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ni yóò dúró. Èyí tí ó tẹ̀lé e yóò jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Òfin kejì ni pé orúkọ kò gbọdọ̀ dá dúró ní afẹ́fẹ́. A ní láti ní ẹranko kan pàtó, tí a fi pamọ́ sí mùsíọ́mù, èyíinì ni ilé tí a ń kó ohun ẹ̀dá pamọ́ sí, tí yóò jẹ́ ẹ̀rí fún orúkọ náà títí láé. Ẹ jẹ́ kí a máa pe ẹranko bẹ́ẹ̀ ní ẹlẹ́rìí orúkọ. Bí àríyànjiyàn bá dé lẹ́yìn 100 ọdún, ẹlẹ́rìí yìí ni a ó padà lọ bá.

Àwọn ìjàpá odò tí ọ̀rọ̀ wa kàn yàtọ̀ sí ìjàpá ilẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ nínú àlọ́. Ìjàpá ilẹ̀ a máa fa ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn tààrà sínú ìkarahun. Àwọn wọ̀nyí, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń ká ọrùn sí. Apá iwájú ìkarahun tí ó wà lábẹ́ ikùn wọn sì ṣeé gbé sókè bí ìlẹ̀kùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ewu bá dé, wọn a ti ara wọn mọ́lé pátápátá. Nígbà ẹ̀rùn, bí omi bá gbẹ, wọn a wọ inú ẹrẹ̀ lọ, wọn a sì dúró níbẹ̀ títí òjò yóò fi padà. Nítorí èyí ni ọ̀mọ̀wé Johann Wagler, ní ọdún 1830, fi fún agbo-ilé wọn ní orúkọ Pelusios, tí ó ti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ ẹrẹ̀ wá. Áfíríkà ni ilé agbo-ilé yìí, pẹ̀lú Madagascar àti àwọn erékùṣù díẹ̀ nínú òkun.

Ọ̀kan nínú wọn ni Pelusios castaneus. Ọ̀mọ̀wé August Friedrich Schweigger, ará Jámánì, ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1812, kí a tó dá orúkọ agbo-ilé náà sílẹ̀. Ó sì pè é ní castanea nítorí àwọ̀ rẹ̀ tí ó pọ́n rúsúrúsú bí èso igi kan tí àwọn ará Yúróòpù ń sun jẹ. Ìjàpá yìí ń gbé láti Senegal títí dé Angola, ní gbogbo etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìkarahun rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25. Ẹja kéékèèké, ìgbín omi, kòkòrò àti ewéko odò ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn apẹja wa mọ̀ ọ́n, nítorí pé a máa há sínú àwọ̀n wọn láìpè é.

Ẹ kíyèsí i pé àwọn ẹ̀yà Pelusios jọ ara wọn gidigidi. Àwọ̀ wọn ń yí padà bí wọ́n ti ń dàgbà. Ìkarahun méjì láti inú àbàtà kan náà lè yàtọ̀ síra, nígbà tí ìkarahun méjì láti ilẹ̀ méjì tí ó jìnnà síra lè jọra bí ìbejì. Nítorí náà, ní ayé àtijọ́, ohun pàtàkì tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni ìwé pélébé tí a so mọ́ ẹranko náà, tí ó sọ ibi tí a ti mú un. Bí ìwé pélébé náà bá sọ òtítọ́, ó dára. Bí kò bá sọ òtítọ́, ọgbọ́n ọ̀mọ̀wé kò lè gbà á.

II. Erékùṣù Mahé àti ìjàpá mẹ́ta

Orúkọ Seychelles kò ṣàjèjì sí àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ibẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó Ọba Prempeh ti ilẹ̀ Ashanti lọ ní ọdún 1900, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un ní ọdún 1896. Kò sì padà sí Kumasi títí di ọdún 1924. Ibẹ̀ náà ni Yaa Asantewaa kú sí ní ọdún 1921. Àwọn erékùṣù náà lé ní 100, wọ́n sì wà ní nǹkan bí kìlómítà 1,500 sí ìlà-oòrùn etí òkun Áfíríkà. Mahé ni ó tóbi jù nínú wọn, síbẹ̀ gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 27 lọ. Àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ibẹ̀ dó ní ọdún 1770, wọ́n sì kó àwọn ẹrú láti ìlà-oòrùn Áfíríkà àti Madagascar wá síbẹ̀. Àdéhùn ọdún 1814 ni ó fi àwọn erékùṣù náà sí abẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan wà tí ó mú kí ojú àwọn ọ̀mọ̀wé wà lára Mahé. Ọ̀pọ̀ erékùṣù ni iná abẹ́ ilẹ̀ gbé jáde láti inú òkun, ṣùgbọ́n Mahé àti àwọn tí ó yí i ká jẹ́ àjákù ilẹ̀ ńlá kan tí ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ ní àìmọye mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà ni a fi rí àwọn ẹ̀dá níbẹ̀ tí kò sí ní ibòmíràn. Igi kan bí ọ̀pẹ ń hù ní erékùṣù méjì nítòsí Mahé, tí kóró èso rẹ̀ tóbi ju kóró igi èyíkéyìí láyé lọ. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ kì í lè wẹ òkun iyọ̀ kọjá. Àti àwọn ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ kan tí kò ní ẹsẹ̀, tí wọ́n ń gbé inú ilẹ̀ bí ekòló.

Nítorí àwọn ẹ̀dá aláìlẹ́sẹ̀ yìí ni ọ̀mọ̀wé August Brauer, ará Jámánì, fi lọ sí Seychelles ní ọdún 1894 àti 1895. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń dàgbà láti inú ẹyin. Iṣẹ́ rere ni ó ṣe lórí wọn, a sì fi í ṣe olórí mùsíọ́mù ẹranko ti ìlú Berlin ní ọdún 1906. Nínú ohun ìpamọ́ tí a kọ orúkọ rẹ̀ mọ́, a rí ìjàpá odò mẹ́ta tí a kọ sí ara wọn pé láti Mahé ni wọ́n ti wá, ní ọdún 1895. Mùsíọ́mù ìlú Hamburg àti ti ìlú Vienna ni wọ́n dé sí. Mẹ́ta péré ni wọ́n, láti ìgbà náà títí di òní, ẹnikẹ́ni kò sì rí ẹ̀kẹrin wọn ní Mahé.

III. Bí orúkọ náà ti ṣe dìde

Ní Vienna ni Friedrich Siebenrock ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọwé tí ó mọ ìjàpá ni. Ní ọdún 1909 ni ó tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó to gbogbo ìjàpá tí ó wà láàyè nígbà náà lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí ó wo àwọn ìjàpá Brauer, ó rí i pé wọn kò bá àwọn ìjàpá odò yòókù ti àwọn erékùṣù náà mu. Nítorí náà, ní ọdún 1906, ó fi orúkọ ẹ̀ka fún wọn: Sternothaerus nigricans seychellensis. Sternothaerus ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe agbo-ilé Pelusios ní ìgbà ayé rẹ̀. Seychellensis sì túmọ̀ sí "ti Seychelles".

Ẹ má jẹ́ kí a fi ojú òpè wo Siebenrock. Bí a bá gbé ẹ̀rí tí ó wà níwájú rẹ̀ kalẹ̀ níwájú wa lónìí, ó ṣeé ṣe kí àwa náà dá ẹjọ́ bí ó ti dá a. Ìwé pélébé sọ pé Mahé ni; Mahé sì jẹ́ ibi tí a mọ̀ pé ó ń bí ẹ̀dá tirẹ̀; ẹranko náà sì yàtọ̀ sí àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Kí ni ó tún kù? Ìrònú rẹ̀ tọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí ó gbé e lé ni kò tọ́. Ilé tí a fi bíríkì rere kọ́ sórí iyanrìn kò yàtọ̀ sí ilé tí a fi ẹrẹ̀ kọ́, ní ọjọ́ tí àgbàrá bá dé.

Ọdún ń yí lu ọdún. Ní ọdún 1983, ọ̀mọ̀wé Roger Bour, ará Faransé, tún àwọn ìjàpá odò Seychelles yẹ̀ wò, ó sì gbé èyí tí ọ̀rọ̀ wa kàn sókè láti ipò ẹ̀ka sí ipò ẹ̀yà tí ó dá dúró. Láti ìgbà náà ni ó ti ń jẹ́ Pelusios seychellensis. A sì ti rí i pé ó jọ Pelusios castaneus ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ju bí ó ti jọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ nínú Òkun Íńdíà lọ. Ohun ìyanu ni èyí yẹ kí ó jẹ́. Báwo ni ẹ̀dá méjì yóò ti ṣe jọra bí ọmọ ìyá, kí gbogbo ìbú Áfíríkà àti òkun tí ó gbòòrò sì wà láàrin wọn? Ṣùgbọ́n nígbà náà, orúkọ ti gbó, ó ti wọ inú ìwé púpọ̀, ohun tí ó bá sì ti gbó nínú ìwé a máa ní ọlá tí ènìyàn kì í fẹ́ fọwọ́ kàn.

IV. Bí a ti kọ ọ́ mọ́ àwọn òkú

Àwọn olùwádìí wá ìjàpá yìí káàkiri Mahé. Wọ́n wo odò, wọ́n wo àbàtà, wọ́n wo ẹsẹ̀ òkè. Wọ́n rí àwọn ẹ̀yà méjì mìíràn tí wọ́n wà ní Seychelles, èyíinì ni Pelusios subniger àti Pelusios castanoides, tí wọ́n tún wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà àti ní Madagascar. Ṣùgbọ́n seychellensis, wọn kò rí i. Ìdí tí wọn kò fi rí i kò ṣòro láti rò: ilẹ̀ kékeré ni Mahé, àwọn ènìyàn sì ti di ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbàtà etí òkun rẹ̀ láti kọ́ ilé àti láti la ọ̀nà. Nítorí náà ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń bójú tó ohun ẹ̀dá, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948 tí a sì ń fi lẹ́tà IUCN mọ̀, kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ àwọn tí ó ti run. Nínú gbogbo ìjàpá odò ayé, òun nìkan ṣoṣo ni a kọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀, nítorí pé ibí yìí ni ẹ̀kọ́ ti pọ̀ jù fún ẹni tí ń kọ ìtàn. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ pé ìjàpá yìí ti gbé Mahé rí. Bí ènìyàn bá kà wọ́n, yóò rò pé ẹlẹ́rìí pọ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni ìwé kọ̀ọ̀kan ti gbọ́ ọ? Láti inú ìwé tí ó ṣáájú rẹ̀. Ibo sì ni èyí tí ó ṣáájú ti gbọ́ ọ? Láti ọ̀dọ̀ Siebenrock. Ta ni ó sọ fún Siebenrock? Ìwé pélébé tí a so mọ́ ara ìjàpá mẹ́ta. Ẹlẹ́rìí mẹ́wàá tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu ẹnì kan, ẹlẹ́rìí kan ni wọ́n.

Ohun kejì ni pé àìrí ẹ̀dá kan lè ní ìdí méjì. Ó lè jẹ́ pé ó ti wà, ó sì ti kú. Ó sì lè jẹ́ pé kò wà rí. Ẹni tí ó wo inú yàrá òfìfo kò lè fi òfìfo náà mọ̀ bóyá àlejò ti jáde tàbí kò wọlé. Àwọn tí wọ́n wá ìjàpá ní Mahé rí òfìfo, wọ́n sì gbà pé àlejò ti jáde, nítorí pé ìwé ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ó wọlé.

V. Ẹ̀rí tí ara ìjàpá jẹ́

Òfin kejì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó gba òtítọ́ là. Bí ó bá jẹ́ pé Siebenrock kọ ìwé rẹ̀ tán tí a sì da ìjàpá náà nù, àríyànjiyàn kì bá tí lópin. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí orúkọ wà ní ìpamọ́. Ogun ńlá méjì jà ní Yúróòpù, ìjọba ṣubú, ìjọba dìde, bọ́ǹbù fọ́ ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí náà dúró.

Nínú ara gbogbo ohun alààyè ni ohun kan wà tí ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní DNA. Ó dàbí ìwé gígùn tí òbí fi lé ọmọ lọ́wọ́, tí ọmọ tún fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Apá kan nínú rẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni a ti ń gbà á. Bí ẹ̀dá méjì bá súnmọ́ra ní ìbátan, ìwé wọn yóò bára mu. Bí wọ́n bá ti pínyà tipẹ́, ìyàtọ̀ yóò pọ̀. Nínú òkú ẹranko tí ó ti pẹ́, ìwé yìí a ti ya sí wẹ́wẹ́, ó sì gba sùúrù láti kó àwọn àjákù rẹ̀ jọ, bí ẹni tí ń to àfọ́kù ìkòkò pọ̀.

Iṣẹ́ yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Heiko Stuckas, Richard Gemel àti Uwe Fritz, ṣe. Wọ́n mú díẹ̀ lára ẹlẹ́rìí orúkọ, wọ́n ka ibi mẹ́ta nínú apá tí ó ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, wọ́n sì fi wé ti gbogbo ẹ̀yà yòókù nínú agbo-ilé Pelusios. Ní ọdún 2013 ni wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Ìjàpá Mahé kì í ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Pelusios castaneus pàápàá. Pelusios castaneus fúnra rẹ̀ ni, ìjàpá odò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Schweigger ti sọ lórúkọ ní ọdún 1812.

Òfin kìíní wá dá ẹjọ́ náà ní kíá. Orúkọ ọdún 1812 ṣáájú orúkọ ọdún 1906. Nítorí náà seychellensis jókòó sẹ́yìn castaneus. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn ìjàpá tí ó ti run, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ẹ̀dá ilẹ̀ Seychelles pẹ̀lú. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá." Èyí lọ fún ọdún 107, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí òpùrọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹnìkan yóò béèrè pé, báwo ni ìjàpá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣe di ìjàpá Mahé? Ọ̀nà méjì ni ó ṣeé rò. Ó lè jẹ́ pé ènìyàn fi ọkọ̀ gbé díẹ̀ nínú wọn lọ. A mọ̀ pé àwọn ènìyàn gbé ìjàpá yìí kan náà dé erékùṣù Guadeloupe ní apá kejì Òkun Atlantic. Ó sì tún lè jẹ́ pé nínú mùsíọ́mù ni ìwé pélébé ti ṣìnà, tí a so ti ìgò kan mọ́ ìgò mìíràn. Hamburg ìgbà náà jẹ́ èbúté ńlá fún òwò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti Èkó àti láti gbogbo etí òkun wa ni àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ti ń kó epo pupa àti èkùrọ́ lọ, àwọn ẹranko ilẹ̀ wa sì ń bá ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé mùsíọ́mù. Níbi tí ìgò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ọwọ́ kan ṣoṣo tó láti dá ẹ̀yà tuntun sílẹ̀. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́ nínú méjèèjì, Mahé kì í ṣe ilé ẹ̀yà ìjàpá ọ̀tọ̀ kan.

VI. Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀

Àwọn mìíràn lè wí pé, ṣé ayọ̀ kọ́ ni èyí, nígbà tí ẹni tí a rò pé ó kú kò kú? Ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ayọ̀ tí ó ní ìkìlọ̀ nínú. Ìwé àwọn ẹ̀dá tí ó ti run jẹ́ ìwé ẹ̀rí. Bí irọ́ bá wọ inú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ irọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pinnu láti pa, àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ìròyìn ìparun yóò rí ohun fi ṣe ẹ̀sín. Wọn yóò wí pé, bóyá àwọn yòókù náà kò kú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù kú ní tòótọ́. Àwọn ìjàpá ilẹ̀ ńláńlá tí ń jẹ́ Cylindraspis ti gbé erékùṣù Mauritius, Réunion àti Rodrigues rí, nínú Òkun Íńdíà kan náà. Àwọn atukọ̀ kó wọn sínú ọkọ̀ fún ẹran jíjẹ, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ àti eku tí ènìyàn kó wá sì jẹ ẹyin wọn, títí kò fi sí ọ̀kan mọ́. Ní ti ìjàpá odò, ẹ̀yà Rafetus swinhoei ti ilẹ̀ Ṣáínà àti Vietnam ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní ọdún 2019 ni abo kan ṣoṣo tí ó kù lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà kú ní ìlú Suzhou. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni ó fi yẹ kí a pa ìwé àwọn òkú mọ́ ní mímọ́, kí ẹkún wa má baà di ẹkún lásán.

Ohun kejì kàn wá nílé. "Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò." Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọlọ́gbọ́n ń wá ìjàpá kan láàrin òkúta Mahé, nígbà tí ìjàpá náà ń wọ inú ẹrẹ̀ àbàtà tiwa nígbà ẹ̀rùn, tí ó sì ń jáde nígbà òjò. Nígbà tí a pè é ní seychellensis, tí a sì rò pé ó ti kú, ó níyì. Nígbà tí a mọ̀ pé castaneus ni, tí ó sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ta ni ó tún bojú wò ó? Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń fi iyanrìn di àbàtà ní àyíká Èkó àti ní ìlú mìíràn láti kọ́ ilé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Mahé. A kò ní láti dúró títí ẹ̀dá yóò fi di ọ̀wọ́n kí a tó mọ̀ ọ́n lórúkọ, kí a tó mọ ibi tí ó ń gbé àti ohun tí ó ń jẹ.

Ohun kẹta kàn gbogbo ẹni tí ń pa ohun àtijọ́ mọ́, ìbáà ṣe ẹranko nínú ìgò, ìbáà ṣe opó gbígbẹ́, ìbáà ṣe ìwé baba ńlá. Kọ ibi tí o ti rí i. Kọ ọjọ́ tí o rí i. Kọ orúkọ ẹni tí ó fi í lé ọ lọ́wọ́. So ìwé náà mọ́ ọn kí ó má lè já. Lẹ́yìn èyí, má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé tó kí o wá ju ohun náà fúnra rẹ̀ nù. Nítorí pé ọ̀rọ̀ lè ṣìnà, ohun náà ni yóò sì pè é padà. Ìwé pélébé kan ṣi gbogbo ayé lọ́nà. Díẹ̀ lára ìjàpá náà ni ó mú wọn padà bọ̀ sí ọ̀nà.

Siebenrock ti kú láti ọdún 1925, Brauer ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní ọdún 1917. Àwọn méjèèjì kò mọ ohun tí yóò jáde láti inú ìjàpá mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n pa wọ́n mọ́, àwọn tí ó tẹ̀lé wọn lè tún ẹjọ́ náà dá. Iyì ìmọ̀ kò sí nínú pé ọlọ́gbọ́n kì í ṣì í sọ. Ó wà nínú pé ó fi ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí àwa náà tí ń kọ ìtàn ìlú wa àti ti ìdílé wa fi ẹ̀rí wa sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ tí yóò ka ìwé wa ní 100 ọdún sí i lè rí ohun tí wọn yóò fi dá wa láre, tàbí ohun tí wọn yóò fi tún ọ̀rọ̀ wa ṣe.